Nọ́ńbà Kẹtàlá

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àyà fún Ọ̀gá Àgbà pinpin níbi tó ti ń so okùn bàtà rẹ̀. Nígbà tí aago mọ́kànlá fi máa lù, ó ti kú. Láàárín àkókò yẹn, ìyàwó rẹ̀ pe ọkọ̀ áńbúláǹsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ohùn obìnrin kan sì dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "A ti gbọ́ yín. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́nà." Ọkọ̀ kankan ò wá.

Ohun tó sọ ikú náà di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni pé olóògbé yìí gan-an ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń darí gbogbo ọkọ̀ áńbúláǹsì ìlú. Alágbẹ̀dẹ kú, wọn ò rí ọkọ́ gbẹ́ sàréè rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́ jẹ́ ọkùnrin tínínrín tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ṣé-Mo-Gbọ́ ni àwọn ọ̀daràn ń pè é, torí pé bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ tán níwájú rẹ̀, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ padà fún onítọ̀hún, á wá ní, "Ṣé mo gbọ́ dáadáa?" Ọ̀pọ̀ òpùrọ́ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n gbọ́ irọ́ ara wọn lẹ́nu ẹlòmíì ni wọ́n tó mọ̀ pé kò tà.

Ọ̀dọ̀ opó ló kọ́kọ́ lọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì. Fóònù pupa kan wà lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Aládùúgbò wa gbé mọ́tò rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà," ni opó náà wí. "Ó ní ká máa gbé e lọ. Èmi ni mo ní kó dúró."

"Ṣé mo gbọ́ dáadáa, mà? Mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì ní kó dúró?"

"Ẹ gbọ́ dáadáa. Ohùn yẹn ní ọkọ̀ ń bọ̀. Mo ní tiwọn ní ẹ̀rọ tó ń fún èèyàn ní afẹ́fẹ́, mọ́tò aládùúgbò ò ní." Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. "Ẹni tó ṣe èyí fi ọwọ́ ara mi pa ọkọ mi ni."

Inspẹ́kítọ̀ gbé fóònù pupa náà yẹ̀ wò. "Ta ló mọ nọ́ńbà èyí?"

"Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Kì í gba ìpè, àfi kéèyàn fi pè síta. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn tí dókítà ti ní ọkàn rẹ̀ ò dáa ni wọ́n ti gbé e wá láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ní tá a bá ti gbé e sétí, àdírẹ́sì wa á ti hàn sí wọn."

Òkè ṣọ́ọ̀bù oníjígí ojú ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Kò ju yàrá ńlá kan lọ, tí tábìlì mẹ́wàá wà níbẹ̀ àti ojú ẹ̀rọ fífẹ̀ kan lára ògiri. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ò sí níbẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wà, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni wọ́n, àwọn ń háyà wọn ni. Orí àwọsánmà ni wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ àwọn wà.

Igbákejì ọ̀gá ló gbà á lálejò, ọkùnrin kan tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun tó jẹ́ pé èèyàn á fẹ́ẹ̀ máa bẹ̀rù láti jókòó tì í.

"Ẹ̀rọ ò bà jẹ́ rárá, sà," ló wí. "Igba ó lé méjìlá ìpè ló wọlé lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ló rí ọkọ̀ àyàfi mẹ́ta."

"Mẹ́ta náà sì ti ilé ọ̀gá yín wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Oṣooṣù la máa ń ṣe ìdánrawò. A máa mọ̀ọ́mọ̀ da nǹkan rú ká lè mọ̀ bóyá a máa rí i tún ṣe. Àwa fúnra wa á máa pè bí ẹni pé ara wa ò yá. Ẹ̀rọ á dáhùn bó ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, ṣùgbọ́n kò ní rán ọkọ̀ jáde, kí ọkọ̀ tó yẹ kó lọ gbé aláìsàn má lọ máa sáré lásán. Àwọn nọ́ńbà tá a fi ń ṣe é wà nínú ìwé kan. Méjìlá ni."

Ó ṣí ìwé náà sójú kọ̀ǹpútà. Inspẹ́kítọ̀ fi ìka kà á sísàlẹ̀.

"Mẹ́tàlá ni mo kà."

Igbákejì náà kà á. Ó tún un kà. Nọ́ńbà tó gbé ìpè mẹ́ta náà wọlé, ti fóònù pupa, ni ìkẹtàlá.

Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ fi hàn pé oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, páswọ́ọ̀dù ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá ni wọ́n sì fi wọlé. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni Kíákíá; wọ́n ti lé e níṣẹ́ láti oṣù mẹ́rìnlá, lẹ́yìn tí gbogbo ètò náà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Ó búra lọ́jọ́ tó ń lọ pé ọ̀gá á jẹ iyán rẹ̀ níṣu," ni igbákejì sáré wí. "Gbogbo wa la gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni àga yẹn kàn báyìí?"

"Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, sà. N ò ní jókòó sórí àga yẹn kí ẹ tó mú ẹni tó ṣe é."

Kí Inspẹ́kítọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, igbákejì ti pe kọmíṣọ́nà. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbé Kíákíá lọ sí àtìmọ́lé.

Ọjọ́ kejì, Inspẹ́kítọ̀ padà lọ bá obìnrin tó ń bójú tó ètò iṣẹ́ ojoojúmọ́ nílé-iṣẹ́ náà. Ìyá Ìlànà ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú, gbogbo nǹkan orí tábìlì rẹ̀ ló sì tò bí eyín ọmọge. Òun ló kọ ìwé ìlànà tó kún àpótí méjì: bí nǹkan báyìí bá bà jẹ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe rèé, èyí tó tẹ̀ lé e rèé, débi pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ lánàá á lè tún un ṣe lónìí.

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí nǹkan kì í fi í bà jẹ́?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Ó ń bà jẹ́. Gbogbo nǹkan ló ń bà jẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa bà jẹ́." Ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan padà, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè rí i dá padà tí kò bá dáa. Gbogbo ohun tí ẹ bá sì ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ìwé nọ́ńbà ìdánrawò ńkọ́?"

"Ní ìparí oṣù ni mo máa ń ro ó bí ẹni ń ro oko. Nọ́ńbà tí kò bá ní ìdí tó fi wà níbẹ̀, mo máa ń pa á rẹ́."

"Ta ló ń ti páswọ́ọ̀dù ẹni tó bá kúrò níṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Ti Kíákíá ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Á jẹ́ pé mo gbàgbé."

"Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èmi náà ni."

"Ìkìlọ̀ kankan ò sì dé?"

"Àwọ̀ ewé, èyí tó ń sọ pé kò séwu, ni gbogbo iná ojú ẹ̀rọ ara ògiri yẹn ń tàn, látàárọ̀ títí di ọ̀sán."

"Ṣé mo gbọ́ dáadáa? Àwọ̀ ewé ni gbogbo iná?"

"Ẹ gbọ́ dáadáa, sà."

Láti ibẹ̀, Inspẹ́kítọ̀ lọ sí àtìmọ́lé. Kíákíá jókòó sórí ilẹ̀, ètè rẹ̀ wú. Kò dìde.

"Inú mi dùn pé ó kú," ló wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo pa á. N ò mọ ilé ẹ̀, n ò mọ̀ pé ọkàn ń dùn ún, n ò sì mọ fóònù pupa tàbí funfun kankan."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ètò yín dákẹ́?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn àlejò ńlá kan ń bọ̀ wá wo ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá Àgbà sì fẹ́ fi ètò tuntun hàn wọ́n. Ìyá Ìlànà kọ̀wé sí i pé kí wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí wọ́n máa dán an wò níkọ̀ọ̀kan, kó lè ṣeé dá padà. Ọ̀gá ní òun ò lè dúró. Ó dúró sẹ́yìn Kíákíá, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́." Kíákíá tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

"Ìyá Ìlànà kọ ìwé àyẹ̀wò bó ṣe rí gan-an, ojú ìwé mẹ́tàdínlógún. Ìpè mọ́kànlá ni kò rí ọkọ̀, ó kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀gá gbà á, ó sọ ọ́ di ojú ìwé méjì. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan ló ṣàṣìṣe, ó ní ìpè kan péré ló pẹ́. Ọmọ iṣẹ́ yẹn lẹ ń wò yìí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀. "Ìyá Ìlànà nìkan ló sìn mí dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Òun ló fún mi ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé yẹn. Ó wà lọ́wọ́ ìyá mi nílé."

Inspẹ́kítọ̀ ti ń dìde lọ kó tó rántí nǹkan. "Bí nọ́ńbà ìdánrawò bá pè lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìdánrawò, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

"Fóònù iṣẹ́ á dún lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ohùn ẹni tó ń pè á sì máa jáde níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe é, Ìyá Ìlànà ló ní kí n ṣe é. Ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ kan nọ́ńbà ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́ lè ṣèèṣì há síbẹ̀."

Inspẹ́kítọ̀ rọra tún jókòó. "Ṣé mo gbọ́ dáadáa?" ló wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò retí èsì.

Lọ́jọ́ yẹn náà, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ ìyá Kíákíá, ó sì ka ojú ìwé mẹ́tàdínlógún rẹ̀ tán. Ìdajì ojú ìwé ni Ìyá Ìlànà fi sọ̀rọ̀ nípa ìpè kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí aláìsàn, ohun tó ń ṣe é, ẹni tó bá a délé ìwòsàn, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí. Ìkeje nìkan ni kò rí bẹ́ẹ̀. "Obìnrin, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìrọbí. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó kú." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi àdírẹ́sì.

Àdírẹ́sì náà gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kan. Télọ̀ náà ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ń fi èkejì mi ibùsùn ọmọ jòjòló. "Ọmọ ló ṣẹ́ kù fún mi," ló wí. Fọ́tò ìgbéyàwó kan wà lókè orí rẹ̀. Nínú rẹ̀, obìnrin kan dúró ti ìyàwó, ó fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn," ni télọ̀ wí. "Òun ló tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá wọn ti kú. Òun náà ló ń wá wo ọmọ lọ́jọ́ Àìkú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Inspẹ́kítọ̀ kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ìpàdé tí wọ́n ti máa ń ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn tí nǹkan bá bà jẹ́. Opó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, igbákejì wà ní èkejì. Wọ́n mú Kíákíá wá láti àtìmọ́lé. Ìyá Ìlànà gbé bébà àti bírò dání bó ṣe máa ń ṣe. Ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ògiri: *Nínú yàrá yìí, a kì í bèèrè pé ta ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ là ń bèèrè.*

"Ìyá Ìlànà, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi, àwọn èèyàn á máa fi òótọ́ pa mọ́ fún yín."

"Òfin tó dáa ni. Ó ṣeni láàánú pé iṣẹ́ tèmi ni kí n bèèrè pé ta ni." Ó fa àga, ó jókòó kọjú sí i. "Fóònù pupa kì í gba ìpè, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ nílé. Igbákejì fọwọ́ sí bébà tí wọ́n fi rà á, ṣùgbọ́n mo wo bébà náà, kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Ẹni tó so fóònù náà mọ́ ètò yín nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ máa ń ro ìwé ìdánrawò bí ẹni ń ro oko. Nọ́ńbà yìí ti lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀, kò ní ìdí kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lẹ roko kọjá lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kì í fi koríko kan sílẹ̀, báwo ló ṣe fi ejò sílẹ̀? Ẹ tún ní ẹ gbàgbé láti ti páswọ́ọ̀dù Kíákíá. Mo wo àkọsílẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló ti kúrò níbí lójú yín, ọjọ́ tí wọ́n lọ gan-an lẹ ti tiwọn pa. Tirẹ̀ nìkan lẹ gbàgbé."

Kíákíá gbójú sókè.

"Mo wá bi yín nípa ìkìlọ̀, iná lẹ fi dá mi lóhùn. Òótọ́ ni, àwọ̀ ewé ni gbogbo iná. Ìkìlọ̀ yẹn kì í lọ sára ògiri. Orí fóònù iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín ló ń lọ. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì sí èyí tó gbà yín ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Ẹni tí nǹkan bá lójijì á kọ́kọ́ kà á ná. Ẹ̀yin ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó dún."



"Ẹ lè pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Kí ló dé tí ẹ ò pa á rẹ́?"

Ìyá Ìlànà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó tọ́ ọ kó bá etí bébà mu. "N kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́, sà. Ọ̀gá ló ń pa á rẹ́."

"Ìpè keje, ìyàwó télọ̀ tó kú níbi ìrọbí, àbúrò yín ni."

"Ọmọ mi ni. Ọmọ ìyá mi ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni. Ìdí tábìlì yẹn ni mo wà. Mo rí nọ́ńbà rẹ̀ tó wọlé, tó kú. Ó tún wọlé, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. N ò lè ṣe nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin yẹn dúró síbi tí ẹ jókòó sí yìí, ó ní, 'Ìpè kan péré, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.'" Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní rárá, màá dúró. N ò mọ ohun tí mò ń dúró dè. Ìgbà tó di oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó wá bá mi. Ó ní, 'Ìyá Ìlànà, ọkàn mi ò dáa. Ẹ bá mi ṣe fóònù kan tí kò ní já mi kulẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán.' N ò fọwọ́ kàn án o. N ò fún un ní májèlé. Mo kàn jẹ́ kí wọ́n máa pè, bí ọmọ mi náà ṣe pè. Bó bá jí dìde lónìí, màá tún nọ́ńbà ẹ̀ kọ."

"Orúkọ mi lẹ wá lò?" Kíákíá ti dìde. "Ọjọ́ méjì ni mo ti wà lẹ́yìn gádà, mà. Wọ́n fi bàtà gbá mi lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ sìn mí dé ìsàlẹ̀!"

Ìyá Ìlànà ò lè wò ó lójú. "Mo rò pé wọ́n á rí i pé o ò mọ nọ́ńbà yẹn, wọ́n á fi ẹ́ sílẹ̀. Mo ṣìṣe sí ẹ. Ìyẹn nìkan ni mo kábàámọ̀."

Opó dìde níkẹyìn. Igbákejì sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ dì í mú, ṣùgbọ́n kò pariwo, kò sì na ọwọ́.

"Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, mò ń bẹ yín. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn mi?"

"Mo gbọ́."

"Ó ṣeun." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Ọmọ tí àbúrò yín bí, ṣé ó yè?"

Ìyá Ìlànà yára gbójú sókè.

"Á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ télọ̀ yẹn ló wà. Ó ti ń rìn?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin náà dìde lórí àga rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́."

Opó jáde láìbojú wẹ̀yìn.

Inspẹ́kítọ̀ sáré lé e, ó bá a lórí àtẹ̀gùn. "Mà, tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yẹn..."

"N ò ní fọwọ́ kàn án. Kí ni ọmọ jòjòló ṣe fún mi?" Ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí obìnrin yẹn máa rò ó. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá fi wà lẹ́wọ̀n, kó máa rò ó pé bóyá mo ti débẹ̀. Ẹ má sọ fún un, Inspẹ́kítọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín."

Wọ́n mú Ìyá Ìlànà sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì fi í sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá. Inspẹ́kítọ̀ jókòó tì í. Obìnrin tó ti fọkàn balẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá wá ń fi èékánná ha súwẹ́tà ara rẹ̀.

"Kí ló sọ fún yín?" ló ń bi í. "Sà, ẹ dákun, kí ló sọ?"

Inspẹ́kítọ̀ wo ojú pópó. Opó náà dúró sí òdìkejì, ó ń wò wọ́n. Inspẹ́kítọ̀ mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ẹni méjì nìkan ni á mọ̀, kò sì sí òfin kankan tí òun rú. Ó ronú lórí rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ju bó ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ.

"Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ọmọ náà," ló wí.

Ìyá Ìlànà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Lẹ́yìn náà ló gbé orí lé orúnkún, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun nígbà tí àbúrò rẹ̀ kú. Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá kí òun dúró díẹ̀ ná. Inspẹ́kítọ̀ ní kó máa lọ.